Irọ́ Tó Bo Ẹ̀jẹ̀ Mọ́lẹ̀

"Ìlẹ̀kùn, ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?"

Kọ́ńdọ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti fọn fèrè lórí pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù ti dúró sí àyè wọn, aṣọ́lé nìkan ni wọ́n ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni aṣọ́lé ọ̀hún. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n tì pa ló dé yẹn. Kọ́ńdọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ọwọ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ.

Ìlẹ̀kùn dúró gbagidi níwájú àwo funfun tí wọ́n ń tọ̀ sí, ó ń wo ohun tó jáde lára rẹ̀. Ó pupa bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Kò ta á, kò dùn ún, ìyẹn gan-an ló sì mú kí àyà rẹ̀ já. Ó tẹ ibi tí omi ti ń ya. Omi kò yọ. Ó tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ibi tó ti ń wá garawa káàkiri ni Kọ́ńdọ́ ti já wọlé.

Kọ́ńdọ́ wo inú àwo, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Àtọ̀sí rèé o! Ọmọ oníbúrẹ́dì ti fún ẹ lẹ́bùn!"

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìgbáradì, àwọn ọmọkùnrin inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jókòó sórí koríko, oníkálukú ń ka obìnrin tó ti mọ̀. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ, bóyá irọ́ ni, ẹni tó bá ṣáà ti sọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Nígbà tó kan Ìlẹ̀kùn, kò rí nǹkan sọ.

"Ìlẹ̀kùn tí ẹnì kankan ò tíì kàn rí!" ni ọ̀kan nínú wọn wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ojú tì í wẹ̀lẹ̀mù. Kí ẹ̀rín yẹn ṣáà lè dáwọ́ dúró, ó ní, "Ta ló sọ fún yín? Èmi àti ọmọ oníbúrẹ́dì ńkọ́?"

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọmọbìnrin náà, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan, kọ́ ọ ní iṣẹ́ kẹ́mísìrì lórí tábìlì ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì bàbá rẹ̀. Bàbá náà ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú wọn, ìyẹ̀fun kún irun orí rẹ̀. Ìwé nìkan ló kọjá láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n gbá a léjìká, wọ́n ní ó ti dọkùnrin. Ó sì dùn mọ́ ọn, bí a kò bá ní parọ́.

Wàyí o, nínú ilé ìtọ̀ yìí, àyè gbà á láti tú irọ́ náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: "Mi ò fọwọ́ kàn án rí." Ó la ẹnu. Ó rántí ẹ̀rín orí koríko. Ó pa ẹnu dé.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí.

Ẹni tó bá ní kí Kọ́ńdọ́ má sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni, onítọ̀hún ti bá a gbé gbohùngbohùn wá nìyẹn. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó pa lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé kíláàsì àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tí àtọ̀sí ń jẹ́. Kọ́ńdọ́ kò tilẹ̀ rò pé òun ṣe ibi. Ó ṣèrànlọ́wọ́ pàápàá: ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra oògùn oníhóró aláwọ̀ méjì ní kẹ́mísì, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan lò ó, ó sàn. Ìlẹ̀kùn gbé e mì. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ kò wá mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán fún ọmọ oníbúrẹ́dì. Ní òwúrọ̀ kan, ó wọ kíláàsì, ó bá a lára pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ JẸ BÚRẸ́DÌ YÌÍ YÓÒ GBÀTỌ́JÚ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Ọmọbìnrin náà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ jókòó, ẹfun kún ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ó wá bá Ìlẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Kò pariwo. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" ló bi í.

"Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ," ni Ìlẹ̀kùn dáhùn, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a kò rí ọmọbìnrin náà nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan lọ fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé búrẹ́dì, ni bàbá bá mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Ìlẹ̀kùn gbọ́. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́, oúnjẹ náà sì dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀jẹ̀ tún padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń dì bí ẹ̀dọ̀ kéékèèké, ìhà òsì rẹ̀ sì wúwo bí ẹni tó fi òkúta sábẹ́ ìhà. Ó ń fọ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kó fọ ìbọ̀sẹ̀ ni. Aránṣọ ni ìyá náà. Iwájú ilé ló ti ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò, opó sì ni láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ti wà ní kékeré. Ojú aránṣọ kì í fo àbàwọ́n. Ó mú ṣòkòtò kan lórí okùn, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

"Ọkọ mi, kí lèyí?"

"Òpó ilé ni mo fi ẹ̀gbẹ́ gbá, Màámi. Lórí pápá."

Ìyá náà pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. "Wọ bàtà rẹ. Òpó ilé ò lẹ́nu láti sọ tirẹ̀, jẹ́ ká lọ bi dókítà."

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ ní kí ìyá lọ jókòó síta. Ó wá fa àga sún mọ́ ọmọkùnrin náà.

"Ohun tí o bá sọ fún mi níbí, èmi àti ìwọ ni. Ṣé o ti bá obìnrin lò pọ̀ rí?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Ṣé o ti lo oògùn kankan sí ẹ̀jẹ̀ yìí?"

Ìlẹ̀kùn dárúkọ oògùn aláwọ̀ méjì náà.

Dókítà gbójú sókè. "Oògùn àtọ̀sí nìyẹn. Ẹni tí kò bá obìnrin lò rí, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Ẹ̀gún ni ìbéèrè náà. Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ti orí koríko, ti irọ́, ti Kọ́ńdọ́, ti ẹfun ara pátákó. Dókítà kò bá a wí. Ó kàn béèrè pé, "Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta." Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ tí kò bá dunni lèèyàn ń tètè sá wá fún. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ. Lílọ tó lọ yẹn, kì í ṣe oògùn ló lé e."

Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Nígbà tí èsì jáde, ìyá pe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, àgbà obìnrin tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń yanjú láìsí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú dókítà. Ó yí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá rẹ̀ kọjú sí wọn.

"Kíndìnrín méjì rèé. Òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ wo ti òsì. Kókó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù tó ọsàn wẹ́wẹ́, òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ti ọ̀tún. Méjì wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ẹ̀wà lọ."

Ìyá di eteetí tábìlì mú. "Ẹ yọ kíndìnrín òsì yẹn dà nù, Dókítà! Ẹ yọ ọ́ lónìí. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo tó èèyàn."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Mà. Tí kókó bá wà nínú ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yín lè dúró. Ṣùgbọ́n ó wà nínú méjèèjì. Ká yọ òsì lónìí, kí ti ọ̀tún wá dàgbà lọ́dún tó ń bọ̀, kí la máa ṣẹ́ kù fún un? Ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ títí ayé, ọmọ yìí ò sì tíì pé ogún ọdún. Kókó la máa gé. Kíndìnrín la máa dá sí."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ gé ọ̀kan kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀?" ni Àǹtí béèrè.

"Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí..." Dókítà wo ojú ọmọkùnrin náà, ó dákẹ́. "Ẹ mọ ìyókù, Mà."

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé. Wọn yóò fún ẹnu ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò họ kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pẹ̀lú ẹran tín-ín-rín tó yí wọn ká, wọn yóò sì rán ibẹ̀ padà. Ní ti méjì tó wà lápá ọ̀tún, wọn kò ní fọwọ́ kàn wọ́n ná. Àwòrán ni wọn yóò máa yà látìgbàdégbà, ọjọ́ tí ọ̀kan bá dàgbà tó ìwọ̀n kan ni wọn yóò lọ bá a.

"Ẹ fẹ́ fi kókó sílẹ̀ sínú ọmọ mi?" ni ìyá wí, omijé ti dé.

"A ò fi í sílẹ̀, Mà. À ń ṣọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ò jọra wọn." Dókítà wá ká ọwọ́ pọ̀. "Ó ku ìbéèrè kan. Kókó kì í sábà pọ̀ tó báyìí lára ọmọdé, lápá méjèèjì, àfi tó bá jẹ́ ohun tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí?"

"Kò sí o," ni ìyá tètè dáhùn. "Ìfúnpá gíga, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ló pa bàbá rẹ̀."

Àǹtí ń tú etí ìborùn rẹ̀, ó ń dì í, ó ń tú u.

"Kì í ṣe ìfúnpá gíga," ló wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ìyá ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sibítù nígbà yẹn. Wọ́n ní kókó ló kún inú kíndìnrín àbúrò mi. Èmi ni mo ní ká pè é ní ìfúnpá gíga. Mo ní kí wọ́n má lọ máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ò dáa. Kí àwọn ọmọ wa lè rí ẹni fẹ́."

Ìyá kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "gbogbo ọdún tí ọmọ yìí fi ń dàgbà lójú yín. Ẹ jẹ́ kí n máa ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un, kí n má mọ̀ pé àyẹ̀wò ló yẹ kí n máa mú un lọ ṣe."

Àǹtí tẹ orí ba. Ìlẹ̀kùn wo ojú àgbà obìnrin náà, ó rí ìtìjú níbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Àǹtí parọ́ kí ayé má baà fojú burúkú wo ẹbí. Òun parọ́ kí ẹgbẹ́ má baà fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń ru ẹrù àwọn méjèèjì.

Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Kí wọ́n tó kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn, ó dá ìyá rẹ̀ dúró lábẹ́ igi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Ọmọ oníbúrẹ́dì? Èmi ni mo rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi." Ó nu ojú. "Ojú tì mí lónìí, ọkọ mi. Àìsàn rẹ ò tì mí lójú o. Ìwọ lo tì mí lójú."

Gbólóhùn yẹn dun Ìlẹ̀kùn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní òun á rán Kọ́ńdọ́ kó lọ bá òun ṣàlàyé.

"O ò ní rán ẹnikẹ́ni," ni ìyá wí. "Màá lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ máa jìyà títí ìwọ yóò fi gbádùn. Ṣùgbọ́n iwájú àwọn tí o ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹnu tó so ó ni yóò tú u."

Ìyá lọ nírọ̀lẹ́ yẹn lóòótọ́. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ lórí ìdúró, kò sì fi àga lọ̀ ọ́. Ìyá kò bínú. Ó ní bí òun bá wà ní ipò rẹ̀, òun ì bá má ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí Ìlẹ̀kùn lajú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ìhà rẹ̀ ń ta á, rọ́bà kan sì ń gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtọ̀ náà pọ́n díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá ń mọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà wá bá a ní wọ́ọ̀dù.

"A yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jẹjẹrẹ ni èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n kò tíì jáde kúrò níbi tó wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín rẹ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Mi ò ní tàn ẹ́. Èyí tó tóbi ti jìn wọlé. A gé lára ìdí kíndìnrín òsì ju bó ṣe wù mí lọ. Bí o bá tètè wá ni, bóyá à bá má gé tó bẹ́ẹ̀. O ò sì ní máa fò dábùú ilé bọ́ọ̀lù mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lù ẹ́ níhà."

Ìlẹ̀kùn kọjú sí ògiri, ó sunkún. Nọ́ọ̀sì rò pé ojú ọgbẹ́ ló ń dùn ún.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn jẹ́rìí sí i pé láti ọ̀dọ̀ bàbá ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣàn wá, dókítà sì ní kí Àǹtí náà wá yàwòrán. Àǹtí sún un síwájú, ó sún un síwájú, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó ní òjò ṣú. Níkẹyìn ó wá, Ìlẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa ló sin ín. Èrò kún gbọ̀ngàn ìdúró. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè lórí tábìlì rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín, Mà?"

Àǹtí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́. "Kókó inú kíndìnrín ni! Ẹbí wa ló ni í. Ó pa àbúrò mi, ó mú ọmọ rẹ̀, mo wá wò ó bóyá èmi náà ní in."

Kò sẹ́ni tó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Arúgbó kan ṣáà sún fún un lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n rí kókó kan ṣoṣo lára rẹ̀, ó kéré, wọ́n ní wọn yóò máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ tí Ìlẹ̀kùn padà sílé ẹ̀kọ́, ọmọ oníbúrẹ́dì náà ti padà nítorí ìdánwò. Ó jókòó nígun ẹ̀yìn, òun tó jẹ́ pé iwájú ló máa ń wà tẹ́lẹ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ìlẹ̀kùn tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, ó sì dúró síwájú kíláàsì.

"Mo ní kókó nínú kíndìnrín," ló wí. "Òun ló fà á tí mo fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àtọ̀sí. Mi ò fọwọ́ kan ọmọ oníbúrẹ́dì rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i tó ń fọwọ́ nu pátákó yìí, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì dákẹ́." Ó kọjú sí igun ẹ̀yìn. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Kọ́ńdọ́ ń fi èékánná ha orí tábìlì rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Mo gbọ́," ló wí. "Màámi sọ fún mi pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ, mo sì gbàdúrà fún ẹ, torí mi ò fẹ́ kí o kú. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé àbúrò ìyá mi, bàbá mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá òótọ́ ni. Bàbá mi. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe gbàgbé ìyẹn. Má tíì bá mi sọ̀rọ̀ ná."

"Mo gbà," ni Ìlẹ̀kùn dáhùn, ó sì lọ jókòó.

Àwọn ọmọ kan bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan sì gbé àpò ara rẹ̀ lọ sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbàgbọ́ títí dòní. Wọ́n ní ìyá aránṣọ ló kọ́ ọmọ rẹ̀ lóhun tó sọ. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Dókítà rí ibi tí kókó pin sí lára Ìlẹ̀kùn, ó gé e, ó sì dá èyí tó dáa sí. Kò sí ẹ̀rọ kan tó lè ya àwòrán ibi tí irọ́ dé.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ara rẹ bá ń ṣe ọ́ bákan, pàápàá níbi tí aṣọ bò, sọ fún òbí rẹ, sọ fún dókítà, kí o sì tètè sọ ọ́. Àìsàn kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí a bá ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ kí ojú má baà tì wá, òun ni ìtìjú, òun ló sì máa ń pẹ́ lára.